Ọkọ̀ Amòòkùn Àtọwọ́dá Nínú Omi Ọ̀sà: Àgbéyẹ̀wò láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí àgbà Yorùbá bá ń wúre fún ọmọ rẹ̀ pé, bí a kì í ti í rí ìdí òkun, tí a kì í sì í rí ìdí ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni aráyé kò ní rí ìdí rẹ̀, ohun tí ojú gbogbo ènìyàn rí tí ọkàn gbogbo wọn sì gbà ni ó gbé ìwúre náà lé. Nítorí pé láti ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ pé ibi tí omi bá ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ìmọ̀ ẹ̀dá ń parí sí, àfi ti àwọn díẹ̀ tí wọ́n lè mú èémí mọ́ra, kí wọ́n wọ ibú lọ, kí wọ́n sì jáde padà wá ròyìn ohun tí ọwọ́ wọn tọ́. Ẹni tí ó bá gbéra láti ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi ní Ìpákòdó, yóò rí i pé ìwúre náà kò tíì di ti àtijọ́ rárá: ọ̀sà tẹ́ lọ rẹrẹ, ọkọ̀ èrò ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Ìkòròdú àti Èkó láràárọ̀, síbẹ̀ bí ènìyàn bá ti ọwọ́ rẹ̀ bọ omi náà dé ìgúnpá lákòókò òjò, kò ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín kò ṣòro láti bi, bí ìdáhùn rẹ̀ tilẹ̀ gùn. Ẹ̀rọ kan wà tí ọmọ ènìyàn fi ń wo ìsàlẹ̀ omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ inú omi lọ. Kò ní awakọ̀ nínú, wáyà ni ó so ó mọ́ ẹni tí ń darí rẹ̀ láti òkè, kámẹ́rà àti iná wà ní iwájú rẹ̀, àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké tí ń ti omi sẹ́yìn ni ó sì ń gbé e rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ epo a máa pè é ní ROV. Èmi yóò pè é ní ọkọ̀ amòòkùn. Ǹjẹ́ ọ̀dọ́ ìlú wa, tí kò ní ju irinṣẹ́ ọwọ́ àti owó táṣẹ́rẹ́ lọ, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Bí ó bá sì kàn án, kí ni yóò fi ṣe nínú omi tí ó dúdú báyìí?

Ọkọ̀ amòòkùn kì í ṣe ohun àná. Ní 1953 ni Dimitri Rebikoff ṣe ọ̀kan tí wáyà so mọ́ òkè, ṣùgbọ́n ọdún 1966 ni òkìkí irú rẹ̀ kàn yíká ayé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ọkọ̀ òfuurufú ogun Amẹ́ríkà méjì fi ara gbún ara lójú sánmà Sípéènì nígbà tí ọ̀kan ń fún èkejì ní epo, bọ́ǹbù runlérùnnà mẹ́rin sì já bọ́. Mẹ́ta balẹ̀ sórí ilẹ̀ ní Palomares, ìkẹrin rì sínú òkun. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní CURV, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe, ni ó bá wọn gbé bọ́ǹbù náà jáde ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin láti inú ibú tí ó lé ní mítà 850. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé nínú ìtàn yìí ni pé apẹja kan, Francisco Simó Orts, ni ó rí i nígbà tí nǹkan náà já bọ́ sínú omi, òun ni ó sì nawọ́ sí ibẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi apẹja yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wúlò fún wa níwájú.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, epo rọ̀bì ni ó mú ọkọ̀ amòòkùn wá. Ní oṣù kọkànlá 2005 ni epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ibùdó epo Bonga, níbi tí omi ti jìn ju mítà 1,000 lọ. Ti Egina bẹ̀rẹ̀ ní 2018, omi tirẹ̀ sì jìn ju mítà 1,400 lọ. Ní irú ibú bẹ́ẹ̀, kò sí òmùwẹ̀ tí í dé ibẹ̀ láàyè láti ṣiṣẹ́: ẹ̀rọ ni ń di ìdè, ẹ̀rọ ni ń tú u, ẹ̀rọ náà ni ń ṣọ́ páìpù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ amòòkùn tí ó tóbi tó mọ́tò akérò, tí owó wọn kò ṣeé fẹnu sọ, ń ṣiṣẹ́ ní òkun Nàìjíríà lójoojúmọ́, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìkòròdú, tí kò jìnnà sí òkun kan náà, kò sì fojú kan ọ̀kan rí àfi nínú àwòrán.

Ìgbà kan wà tí gbogbo ayé bá wa wo ìsàlẹ̀ omi Nàìjíríà. Ní oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ Jascon-4, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífa ọkọ̀ ńlá, dojú dé nítòsí Escravos, ó sì lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ omi ní nǹkan bí mítà 30. Àwọn méjìlá ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọgọ́ta wákàtí, nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ lọ kó òkú, ọwọ́ kan nà jáde lójú kámẹ́rà tí ó wà ní orí òmùwẹ̀ kan, ẹni tí ń wò ó láti òkè sì rò pé ọwọ́ òkú ni, àfi ìgbà tí ọwọ́ náà di ti òmùwẹ̀ mú gírígírí. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, ni: afẹ́fẹ́ tí ó kù sí igun kan nínú ọkọ̀ ni ó fi gbé ẹ̀mí ró. Òun nìkan ni ó yè. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni pé òun fúnra rẹ̀ padà lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fojú tín-ín-rín wo kámẹ́rà tí a bá rán lọ sísàlẹ̀ omi, nítorí ní ọjọ́ yẹn, ojú méjì ni ó wà nínú ibú, ti òmùwẹ̀ àti ti ẹni tí ó jókòó sí òkè.

Àmọ́ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kọ́ ni a ń sọ. Ní 1997 ni Harry Bohm àti Vickie Jensen tẹ ìwé kan jáde tí ó kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe lè fi páìpù omi, mótò kéékèèké àti bátìrì ṣe ọkọ̀ amòòkùn nínú ilé. Láti inú irúgbìn yẹn ni ètò SeaPerch ti hù ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní 2003, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní kíláàsì. Ohun tí ó dùn mọ́ni nínú ètò yìí ni pé ìda ni wọ́n ń yọ́ sínú agolo kékeré láti fi bo mótò kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Ìda lásán!

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo òbí àti olùkọ́ ní ìhà tiwa mọ̀ ni ti ilé ẹ̀kọ́ gírámà Carl Hayden ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Aṣálẹ̀ ni Arizona. Omi òkun jìnnà sí ibẹ̀. Ní 2004, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tí àwọn òbí wọn ṣí wá láti Mẹ́síkò, tí wọn kò ní ìwé ìgbélùú, Oscar Vazquez, Cristian Arcega, Lorenzo Santillan àti Luis Aranda, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn méjì, Fredi Lajvardi àti Allan Cameron, kó páìpù PVC jọ, wọ́n ná bí ẹgbẹ̀rin dọ́là, wọ́n sì ṣe ọkọ̀ amòòkùn kan tí wọ́n sọ ní Stinky, ìyẹn ni Olóòórùn, nítorí bí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ṣe ń rùn. Wọ́n gbé e lọ sí ìdíje ní Santa Barbara, wọ́n sì sọ pé kí wọ́n fi àwọn sí ìsọ̀rí àwọn ọmọ yunifásítì, nítorí pé ẹni tí àwọn ẹni ńlá bá dá kò rí ìtìjú, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dá ni ojú ń tì. MIT wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ epo sì ti ràn wọ́n lọ́wọ́, owó tí wọ́n ná lé ní 10,000 dọ́là. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, omi ń jò wọ inú àpótí tí wáyà Stinky wà. Kò sí àyè láti tún gbogbo rẹ̀ jó, kò sí owó. Lorenzo ni ó ní kí wọ́n lọ ra owú tí àwọn obìnrin fi ń tọ́jú ara wọn nígbà nǹkan oṣù, ó ní ohun tí ó ń fa omi mu náà ni àwọn ń wá. Wọ́n tò ó sínú àpótí náà, ó sì ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ Carl Hayden ni wọ́n gba ipò kìn-ín-ní. MIT ṣe ìkejì. Ọgbọ́n ju agbára lọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí a rí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn wọn ni Eric Stackpole àti David Lang tún dìde ní California. Ìtàn wúrà kan ni wọ́n gbọ́, pé a ju ú sínú ihò àpáta kan tí omi kún, Hall City Cave, wọ́n sì fẹ́ rán ẹ̀rọ lọ wò ó. Ní 2012 wọ́n gbé ìlànà bí a ti ń ṣe ọkọ̀ amòòkùn wọn, OpenROV, síta fún gbogbo ayé, owó tí àwọn ènìyàn dá jọ fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì lé ní 100,000 dọ́là. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì ti lè rí àwòrán iṣẹ́ náà kà lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, àìmọ̀ kò tún jẹ́ àwáwí mọ́.

Bí a bá wá yíjú sí ìkànṣẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣòro àti ohun tí kò ṣòro, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń bẹ̀rù ohun tí kò yẹ ní bíbẹ̀rù, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn sí ewu. Egungun ọkọ̀ náà kò ṣòro: páìpù PVC tí àwọn púlọ́ńbà ń lò tó. Mótò kò ṣòro: ẹ̀rọ kékeré tí ń fa omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi lè ṣe é, bí kò bá sì sí èyí, ẹni tí ó bá dé ọjà Ládípọ̀ yóò rí èyí tí ń tú omi sójú gíláàsì mọ́tò, yóò sì fi ìda tàbí gọ́ọ̀mù Araldite bò ó. Mẹ́ta ni ó tó: méjì fún síwájú, sẹ́yìn àti yíyí, ọ̀kan fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Kámẹ́rà kò ṣòro, ó kún Computer Village ní Ìkẹjà. Kí ó lè léfòó, ìléfòó àwọ̀n tí àwọn apẹja wa ń so mọ́ etí àwọ̀n wọn wà ní ọjà Ẹ̀pẹ́. Ibi tí iṣẹ́ wà ni wáyà, dídí ojú ihò, àti omi fúnra rẹ̀.

Wáyà kọ́kọ́. Ìgbì rédíò tí ń gbé ọ̀rọ̀ fóònù kiri kì í la omi kọjá, pàápàá omi iyọ̀, nítorí náà kò sí rìmóòtù aláìlókùn fún ọkọ̀ amòòkùn. Ohun tí ó bá máa gbọ́, nípasẹ̀ wáyà ni yóò gbà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wáyà a máa jẹ iná. Bí ènìyàn bá mú fọ́nrán wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó tín-ín-rín, tí ó gùn ní mítà 15, tí ó sì fẹ́ fi gbé iná láti orí bátìrì mọ́tò tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 12, bí mótò inú omi bá fa áńpù méjì péré, bí fóòtì márùn-ún ti run lójú ọ̀nà kí iná náà tó dé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń sáré lórí tábìlì ni ó ń rọra fà nínú omi nítorí ìdí yìí, tí ẹni tí ó ṣe é á sì máa pààrọ̀ mótò lásán. Wáyà tí ó nípọn ni oògùn rẹ̀. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí wáyà tín-ín-rín náà máa gbé àwòrán nìkan. Mo sì gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níhìn-ín: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iná ilé tàbí iná jẹnẹrétọ̀ sínú omi nítorí eré ìmọ̀. Bátìrì fóòtì 12 ni kí a lò, kí ó wà ní òkè ilẹ̀ tàbí nínú ọkọ̀, kí fíúsì sì wà ní ìdí rẹ̀. Ta ni í bá omi ṣọ̀tá? Iná tí ó bá sì wọ inú rẹ̀ kì í yan ẹni tí yóò mú.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni agbára omi. Ní gbogbo mítà mẹ́wàá tí a bá wọ̀ sísàlẹ̀, omi a fi ìwúwo tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti gbogbo afẹ́fẹ́ ayé tí ó wà lórí wa kún un. Ìdérí róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré, tí a fi dí ojú àpótí kámẹ́rà, yóò ru bí kílò 78 ní mítà mẹ́wàá, ìyẹn ìwúwo àgbàlagbà ọkùnrin kan. Ihò tí abẹ́rẹ́ lè gbà ni omi ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà wa kò jìn ju mítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, àfi ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá àti ibi tí wọ́n ti wa yanrìn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní mítà mẹ́ta, ìdérí kan náà kò ru ju bí kílò 24 lọ. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ọ̀sà wa jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó rọrùn fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kò le tó ti òkun, gọ́ọ̀mù tó dára àti sùúrù sì lè ṣẹ́gun rẹ̀.

Ohun tí ó le ni èyí tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sábà sọ, nítorí pé adágún ilé ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ kì í yí padà ni wọ́n fi ń dán tiwọn wò. Omi wa ní ìgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a máa gba ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ Èkó wọlé, iyọ̀ a sì tàn kálẹ̀ nínú ọ̀sà. Nígbà òjò, Odò Ògùn, Odò Májídùn àti àwọn odò kéékèèké mìíràn a tú omi tútù sínú rẹ̀, iyọ̀ a sì sá. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́, níbi tí omi Ọ̀ṣun ti ń wọ̀ ọ́, omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi tútù ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Omi iyọ̀ wúwo ju omi tútù lọ: lítà omi òkun kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 1,025, ti omi tútù jẹ́ 1,000. Bí ọkọ̀ amòòkùn kan bá gba àyè lítà mẹ́wàá, ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì jẹ́ gíráàmù 250, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tí a bá wọ̀n ní dọ́gbadọ́gba nítòsí ẹnu òkun ní oṣù kejì, bí a bá gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní oṣù keje, yóò rì lọ sísàlẹ̀ bí òkúta. Apẹja tí ó ti ń tukọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Èjìrìn mọ ìyàtọ̀ omi yìí láti kékeré. Ó ń mọ̀ ọ́n lára ẹja tí ó bá wọ àwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe ọkọ̀ amòòkùn ní ìhà tiwa gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ lára rẹ̀ láti fi òjé kéékèèké kún un tàbí yọ ọ́ kúrò, kí ó sì jẹ́ kí ó léfòó díẹ̀, kí ó lè gòkè fúnra rẹ̀ bí iná bá kú.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, tí mo kà sí èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ni ìdọ̀tí omi. Àwọn ọkọ̀ amòòkùn àtọwọ́dá kéékèèké tí mo mẹ́nu bà lókè, omi tí ojú lè là ni a ṣe wọ́n fún. Kámẹ́rà ni ọba lára wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀sà wa, pàápàá láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá, ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ kún inú omi débi pé iná tí a bá tàn síwájú kámẹ́rà a kàn tàn padà sí ojú rẹ̀, bí iná iwájú mọ́tò ti í rí nínú kùrukùru ọyẹ́; bí iná náà ti lágbára tó ni àìríran ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ń rò pé kámẹ́rà tí ó wọ́n ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Irọ́ ni. Ohun tí ó ń la omi dúdú kọjá ni ohùn: nínú omi, ohùn ń sáré ní bí mítà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju ìlọ́po mẹ́rin eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ, ẹrẹ̀ kò sì dí i lọ́nà. Ẹ̀rọ tí àwọn apẹja òkè òkun fi ń wá ẹja, tí ó ń rán ohùn sísàlẹ̀ tí ó sì ń gbọ́ ìgbà tí ó padà, kò wọ́n bíi ti àwọn ilé iṣẹ́ epo, a sì lè so ó mọ́ ọkọ̀ amòòkùn kékeré. Ìdájọ́ mi ni pé ọ̀dọ́ tí ó bá ní owó díẹ̀ kí ó ná an sórí etí ṣáájú ojú: kí kámẹ́rà jẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí a ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá là díẹ̀, kí ohùn jẹ́ ọ̀pá tí a fi ń rìn nígbà yòókù. Kí iná sì wà ní ẹ̀gbẹ́, jìnnà sí kámẹ́rà. Má fi sí ìdí rẹ̀.

Kí wá ni a fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí ṣe? Ẹni tí ó bá ń bèèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé létí ọ̀sà pẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1996, ọkọ̀ òfuurufú ADC kan tí ń bọ̀ láti Port Harcourt lọ sí Èkó já wọ inú omi nítòsí Èjìrìn, èrò inú rẹ̀ lé ní 140, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake sì wà lára wọn. Ẹnikẹ́ni kò yè. Àwọn tí ó dàgbà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kò gbàgbé ọjọ́ náà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lónìí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ibo ni ẹ̀rọ tí ìlú lè rán wọ omi kí ó tó di pé a ń wá òmùwẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn?

Ti ojoojúmọ́ sì wà. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ń dì gẹdú láti ìhà Òndó àti Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń fà á gba ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kọjá títí dé Òkòbàbá ní Èbúté Mẹ́tà. Àwọn tí ó já kúrò nínú ìdì a máa rì ní ìlàjì, wọ́n a máa dúró de ọkọ̀ èrò. Ọkọ̀ ayára tí ó bá kọ lu irú igi bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ẹ mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹ̀rọ olóhùn kékeré tí ó bá ń yẹ ojú ọ̀nà omi wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba ẹ̀mí là ju ìwé ìkìlọ̀ lọ. Ní Ẹ̀gbin, lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ́, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tí agbára rẹ̀ jẹ́ mégáwáàtì 1,320 ti ń lo omi ọ̀sà láti fi tu ẹ̀rọ rẹ̀ lára láti nǹkan bí 1985. Ẹnu ibi tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń fa omi a máa gba koríko ojú omi àti ìdọ̀tí, ọ̀pọ̀ ibi láyé ni wọ́n sì ti ń fi ọkọ̀ amòòkùn yẹ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ wò dípò kí ènìyàn wọ ibẹ̀. Afárá Third Mainland, tí ó gùn ju kìlómítà mọ́kànlá lọ, tí wọ́n parí ní 1990, òpó rẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀sà kan náà, òpó inú omi sì ń fẹ́ àyẹ̀wò. Àwọn kòtò tí wíwa yanrìn dá sílẹ̀ náà wà, tí kò sí ẹni tí ó ya àwòrán gbogbo wọn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àwọn awayanrìn ti dé. Ẹni tí ó bá ti gba etí omi Ìkòròdú kọjá ti rí wọn: wọ́n gun àkàbà sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ onígi, korobá lọ́wọ́, èémí ní àyà, wọn kò ní gíláàsì ojú, wọn kò ní afẹ́fẹ́ nínú agolo, wọ́n bu yanrìn ní ìsàlẹ̀, wọ́n gòkè, wọ́n dà á sínú ọkọ̀, wọ́n padà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tí ó mọ ìsàlẹ̀ ọ̀sà náà tó wọn, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bá ń ronú nípa omi, ìwé ni wọ́n ń ṣí, wọn kì í rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí. Ẹ rántí apẹja Palomares: pẹ̀lú gbogbo ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ojú apẹja ni ó ṣe amọ̀nà. Kí a tó rí erin, ó di igbó. Kí a tó mọ ibi tí omi jìn sí, ibi tí okùn lè há sí, ibi tí àwọn apẹja ti gbé igi rì láti fi kó ẹja jọ, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gbé ojú omi.

Okùn náà ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí òun ni ikú ọkọ̀ amòòkùn púpọ̀. CURV gan-an, nígbà tí ó ń gbé bọ́ǹbù Palomares, okùn agboorùn tí bọ́ǹbù náà fi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wé mọ́ ọn, wọ́n sì ní láti fa àwọn méjèèjì jáde pọ̀. Nínú ọ̀sà wa, àwọ̀n, ìgèrè, ẹ̀ka igi àti koríko ojú omi ń retí wáyà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń so ìléfòó kéékèèké mọ́ wáyà káàkiri, kí ó má baà wọ́ nílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹnì kan sí ìdí rẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa tú u sílẹ̀, kí ó sì máa ká a. Akọ́bẹ̀rẹ̀ a máa rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Òun ni ọ̀gá.

Ó ku àwọn tí ó ń sọ pé, kí ni ká tún máa ṣe ohun tí a lè rà? Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ bíi Blue Robotics ti ń ta ọkọ̀ amòòkùn tí ó dára, tí owó rẹ̀ kò sì tó ti ilé iṣẹ́ epo rárá. Ẹni tí ó bá ní i kí ó rà. Ṣùgbọ́n èyí tí a rà, bí ó bá bàjẹ́ ní Báyẹ̀kù létí ọ̀sà, yóò padà sí òkè òkun kí ó tó sàn. Èyí tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe, púlọ́ńbà àti ríwáyà àdúgbò ni yóò tún un ṣe. Àwọn mìíràn tún ń sọ pé Ọlọ́sà, òrìṣà ọ̀sà, kò fẹ́ kí a máa tú àṣírí ilé rẹ̀ sí gbangba. Èmi kò ní bá wọn jà. Mo kàn ń bèèrè pé, nígbà tí ẹ̀rọ ńlá ń fa yanrìn kúrò nínú ilé náà tọ̀sán-tòru, ta ni ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ilé ẹ̀kọ́ kò wọ́n wa. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, wà ní Ẹ̀pẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga pólí ti Ìkòròdú ti di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, LASUSTECH, láti 2022. Omi wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níbẹ̀, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju èyí lọ: ní oṣù kìn-ín-ní tí omi bá là, ẹ fún àwọn ọmọ yín ní páìpù, mótò mẹ́ta àti bátìrì kan, ẹ sì fi iṣẹ́ tòótọ́ kan lé wọn lọ́wọ́, bíi kí wọ́n ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi láti èbúté Ìpákòdó dé mítà 100 sí i. Kí wọ́n tó ra mótò, ẹ mú wọn lọ bá awayanrìn kan àti apẹja kan sọ̀rọ̀, kí ẹ sì san owó ọjọ́ iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì bí ẹ ti ń san án fún olùkọ́ àlejò.